Báwo ni iyọ̀ kò ṣe ba ilẹ̀ oko Íjíbítì àtijọ́ jẹ́?

Olóko_Láfẹ́nwá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iyọ̀ ba ilẹ̀ Sumer àtijọ́ (gúúsù Ìráàkì òde òní) jẹ́ débi pé wọ́n fi àlìkámà sílẹ̀, bálì ni wọ́n gbájú mọ́. Omi odò làwọn ará Íjíbítì náà fi ń dáko, síbẹ̀ ilẹ̀ wọn ń so fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Kí ló fà á? Kí lẹni tó ní akúrò létí Odò Ògùn lè mú lò níbẹ̀?

Ọmọ_Lísàbí:
Bí omi ṣe ń jáde ni ẹ wò, ẹ̀gbọ́n. Láyé ìgbà yẹn, òjò Etiópíà ló ń mú odò Náílì kún, ó máa ń ga jù ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Wọ́n á ti mọ òkìtì yí ilẹ̀ ká. Wọ́n á gé ẹnu rẹ̀ kí omi wọlé, wọ́n á sì dí i. Omi á dúró bí 40 sí 60 ọjọ́, ẹrẹ̀ dúdú á silẹ̀. Wọ́n á wá ṣí i lápá ìsàlẹ̀, omi á padà sódò tòun tiyọ̀. Orí ẹrẹ̀ tútù yẹn ni wọ́n ń fọ́n irúgbìn sí, ẹran ọ̀sìn á tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀.

Ní Sumer, àsìkò ìkórè gan-an lodò ń kún. Yàrà ni wọ́n fi ń fa omi wá, ilẹ̀ sì tẹ́jú, omi ò ríbi gbà lọ. Omi abẹ́ ilẹ̀ á ru sókè, oòrùn á fà á gbẹ, iyọ̀ á kù lókè, funfun bí ẹfun.

Alákùúrò:
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta, òjò ń fọ iyọ̀ lọ. Omi tó dúró sídìí ẹ̀fọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù: gbòǹgbò á rà, ewé á pọ́n. Ẹ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ pọn omi kún un. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ la yàrà kí ẹ tó kọ ebè.

Olóko_Láfẹ́nwá:
Ẹ ṣé gan-an. Shaduf, ọ̀pá ìfami tó ní garawa lórí, ẹrù nídìí, tí wọ́n ń lò lókè Ọya ńkọ́?

Ọmọ_Lísàbí:
Ó dára tí omi ò bá jìn ju mítà méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹ fi ọ̀pá gígùn kọ́ orí òpó, kí apá garawa gùn ní ìlọ́po mẹ́ta apá kejì. Ẹrù ìdí ọ̀pá ló ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Kó dọ́gba pẹ̀lú garawa tómi dé ìdajì rẹ̀: fún garawa lítà 20, bíi kílò 33, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ kún un torí ìwúwo ọ̀pá. Tó bá fúyẹ́ jù, ẹ̀yìn yín ló máa gbé omi. Tó bá wúwo jù, garawa ò ní fẹ́ wọlẹ̀.

Ìfà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ lítà 3,600 ní wákàtí kan, ó sì tó bu omi rin púlọ́ọ̀tì kan (ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú, 120 lóròó) lóòjọ́ nígbà ẹ̀rùn. Kẹ́ni méjì máa gbà á fúnra wọn.

Alákùúrò:
Ẹ ri òpó náà sókè díẹ̀ sí etí odò o. Bí wọ́n bá tú omi ìdídò Ọ̀yán, tó ń ṣàn wá sínú Odò Ògùn, sílẹ̀, odò lè ga láìsí òjò.