Kànga búkà mi sún mọ́ ṣáláńgá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àmàlà ni mò ń tà ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́. Wọlé-wọlé yà sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwé àyẹ̀wò àwọn ọmọ tó ń bá mi bu oúnjẹ pé, ilé ìdáná mọ́. Kànga ló kó mi sí wàhálà. Wọ́n ní ó yẹ kó fi 30 mítà jìnnà sí ṣáláńgá. Nígbà tá a wọ̀n ọ́n, 11 péré ni. Ọjọ́ 14 ni wọ́n fún mi láti wá nǹkan ṣe sí i.

Mo ti da oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí inú omi sí kànga náà, mo sì ń se omi mímu títí yóò fi hó yaya. Àmọ́ nígbà tójò rọ̀ láàárọ̀ àná, mo fojú ara mi rí àgbàrá tó ń ti ẹ̀yìn ṣáláńgá wọ́ bọ̀ nídìí kànga. Àyà mi já. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń jẹun lọ́dọ̀ mi, mi ò fẹ́ kí onígbáméjì ti ọwọ́ mi wá. Bàbá onílé ò gbà ká gbẹ́ òmíràn, owó omi táńkà sì ń jẹ èrè mi tán.

Ṣé kí n máa ra omi táńkà lọ ni, àbí kí n kó kúrò níbẹ̀? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.