Owó ọdún lébìrà: ẹ sọ ìrírí tiyín

Ọmọ Ìkirè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lábúlé wa lẹ́bàá Oǹdó, a kì í ṣe onílẹ̀. Ìkirè ni bàbá mi ti wá dá oko kòkó síbẹ̀, a ṣì ń san ìṣákọ́lẹ̀ dòní. Àlejò ni wá, àwa náà tún gba àlejò síṣẹ́: àwọn ọmọ Benue. Oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n máa ń dé. Ọ̀gá tó kó wọn wá àti bàbá mi á ná owó ọdún títí ẹnu wọn á fi kò. Ilé, oúnjẹ, oògùn ibà, ọrùn wa nìyẹn. Owó gan-an di Dìsẹ́ńbà, nígbà tí a bá ti ta kòkó. Wọn á sán oko, wọn á fín kòkó, tó bá wá di Ọ̀kítóbà, iṣẹ́ dé: ká a, fọ́ ọ, kó o sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ mélòó kan kó tó di sísá. Àwọn mìíràn kì í gba owó lọ́wọ́, ọ̀kadà tuntun ni wọ́n máa ń ní ká rà fáwọn. Ọ̀rá ò ní tíì kúrò lára àga rẹ̀ tí wọ́n á fi gbé e sórí ọkọ̀ lọ sílé. Èmi ò rí àbùkù nínú ètò yìí. Tó bá jẹ́ oṣooṣù ni, wọn á ti fi mutí tán.

Ará Oju: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ti ọtí yẹn sílẹ̀ ná. Igede ni mí, ẹ̀yà kan ní Benue, inú àgọ́ oko kòkó ni mo ti gbọ́ Yorùbá, torí lébìrà ni bàbá mi. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dá ṣe tèmi, Dìsẹ́ńbà pé, ọ̀gá tó ni oko ní òjò ti pọ̀ jù, pé kòkó òun dúdú lórí igi. Ó fún mi ní ìdajì, ó ní kí n ṣe ọdún mìíràn sí i kí n tó gba ìyókù. Kò síwèé. Ẹni tó mú mi wá sì ti gba tirẹ̀ lọ. Kí ni n bá ṣe? Mo ṣe é. Igede Agba, ọdún iṣu tuntun wa, Sẹ̀tẹ́ńbà ló máa ń bọ́ sí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń jó nílé, èmi wà nídìí kòkó olówó. Ẹni tó ń gbowó lóṣooṣù lè bínú lọ lóṣù kẹta. Àwa ò lè lọ, owó wa wà lọ́wọ́ yín.

Ìyá Ìbejì: Hùn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Jos ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ta aṣọ lọ́jà Terminus, èyí tó jóná ní 2002. Kò ṣe lébìrà ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé ló ń fi owó ilé tó ń kọ́ ránṣẹ́ sí. Ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní Jos ní 2001 lé wa wálé, la bá bá ìpìlẹ̀ tí igbó ti bò. Ẹ̀rín ni mo fi ń sọ ọ́ báyìí o.

Ọmọ Ìkirè: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ará Oju, ìyá mi ní ìwé tó máa ń kọ ọ́ sí: owó ilé ìwòsàn, káàdì fóònù, bàtà òjò, gbogbo ohun tí ọmọ bá gbà ṣáájú Dìsẹ́ńbà. Ìyẹn gan-an ló máa ń dìjà lọ́jọ́ ìṣirò. Ṣé ọ̀gá yín náà yọ owó bàtà?

Ará Oju: Ó yọ ọ́. Ó yọ owó àdá náà, ó sì tún gba àdá.