Hítà gáàsì tí kò ní ọ̀pá èéfín: ṣé ó yẹ kí a ti gbogbo ilẹ̀kùn pa?

Alábòójútó-Ẹrù béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Èmi ni mò ń bójú tó ilé ìkẹ́rù kan tí òtútù máa ń mú gidigidi. Ọ̀gá wa ra hítà gáàsì àlòkù kan, irú èyí tó rí gbọọrọ bí ọ̀pá, tí fáànù ìdí rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ojú iná kọjá, tí ooru sì ń tú jáde ní ẹnu rẹ̀ kejì. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 30 àti pé propane, irú gáàsì kan tó ń wà nínú sílíńdà, ló ń lò. Kò ní ọ̀pá èéfín kankan. Inú ilé náà ni gbogbo ohun tó bá ti ibi iná jáde ń lọ.

Ẹni tó bá wa gbé e kalẹ̀ sọ pé iná tó bá ti ń jó búlúù kò léwu, àti pé bí a bá ṣí ilẹ̀kùn, owó gáàsì la ń dà nù. Nítorí náà a ti ohun gbogbo pa. Ilé gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo rí nǹkan méjì tí kò yé mi. Èkíní, ògiri àti páànù òrùlé ń làágùn, débi pé omi ń kán sórí àwọn páálí ẹrù. Èkejì, méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ẹ̀rọ náà ń sọ pé orí ń fọ́ wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jáde lọ jẹun, orí fífọ́ náà a lọ. Ṣé ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí tan mọ́ra? Báwo ni ó sì ṣe yẹ kí a gbé ẹ̀rọ yìí kalẹ̀, kí a máa lò ó, kí a sì máa tọ́jú rẹ̀? Ẹ̀yìn ẹ̀rọ gan-an ni sílíńdà wà báyìí, nítorí pé rọ́bà gáàsì rẹ̀ kúrú.

Oníṣẹ́-Gáàsì dáhùn pé:

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí gbogbo ènìyàn sì bọ́ síta. Orí fífọ́ tó ń lọ bí ènìyàn bá jáde, tó sì ń padà bí ó bá wọlé, carbon monoxide, gáàsì olóró tí iná tí kò jó dáadáa ń tú jáde, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó ju 200 lọ ju bí ọ́síjìn ti ń so mọ́ ọn. Kí àwọn méjèèjì lọ rí dókítà lónìí, kí wọ́n sì fẹnu ara wọn sọ fún un pé nítòsí hítà gáàsì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, nítorí bí wọn kò bá sọ ọ́, ó rọrùn kí a máa tọ́jú wọn fún àìsàn mìíràn.

Ní ti ìbéèrè yín, ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Hítà kílówáàtì 30 máa ń jó propane tó lé díẹ̀ ní kílógíráàmù 2 ní wákàtí kan. Bí kílógíráàmù propane kan bá jó tán pátápátá, ó ń di omi tó tó kílógíráàmù 1.6 àti carbon dioxide tó tó kílógíráàmù 3. Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu pé ohun tó jáde wúwo ju gáàsì tó wọlé lọ, nítorí pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ń mí ló fi kún un. Ẹ̀rọ yín ń da omi tó ju lítà 3 lọ sínú afẹ́fẹ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ní ìrí oru tí ojú kò rí, páànù tútù ló sì ń sọ ọ́ di omi padà. Omi tó ń kán sórí páálí yín ń sọ fún yín pé afẹ́fẹ́ inú ilé kò ráyè jáde, àti pé ohun mìíràn tí kì í kán wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná búlúù tí ẹni yẹn sọ, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Iná búlúù fi hàn pé gáàsì àti afẹ́fẹ́ ń pò dáadáa ní àkókò tí ẹ wò ó. Ṣùgbọ́n bí ilé bá wà ní títì, tí ọ́síjìn sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ tó dára jù lọ pàápàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú carbon monoxide jáde. Kódà ká sọ pé iná náà kò yẹ̀ rárá, carbon dioxide nìkan tó ìṣòro. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òpin rẹ̀ fún iṣẹ́ wákàtí 8 ni ìpín 5,000 nínú mílíọ̀nù kan. Mo fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀ fún ẹ̀rọ yín: kí ẹ má bàa kọjá òpin yẹn, afẹ́fẹ́ tútù tó tó mítà onígun mẹ́ta 700 sí 800 gbọ́dọ̀ máa wọlé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ ilẹ̀kùn tí a ti pa kò lè gba ìyẹn.

Ohun tí ẹ nílò ni ojú ihò méjì tí nǹkan kan kò lè dí, ọ̀kan nítòsí ilẹ̀ àti ọ̀kan lókè, kí afẹ́fẹ́ tútù lè máa gba ìsàlẹ̀ wọlé kí èyí tó ti gbóná sì gba òkè jáde. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá ló ń sọ bí ihò náà yóò ti tóbi tó. Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀. Bí ilé yín bá ní fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, ẹ rí i dájú pé ibi tí òmíràn yóò gbà wọlé wà, nítorí pé fáànù tí kò rí afẹ́fẹ́ fà ń ba jíjó iná jẹ́. Ẹ ra aago ìdágìrì carbon monoxide, kí ẹ gbé e sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́, ní ìwọ̀n ibi tí imú wọn wà. Àwọn kan máa ń gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí wọ́n rò pé gáàsì yìí wúwo. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá afẹ́fẹ́ dọ́gba. Propane ló wúwo, tó máa ń rọ̀ sílẹ̀.

Abójútó-Ìkọ́lé dáhùn pé:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́-Gáàsì sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè ohun kan tí wọn kò béèrè: kí ló dé tí ẹ fi ń lo irú hítà yìí níbi tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́? Ibi ìkọ́lé tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tó ń jáde ni a sábà máa ń lo èyí tó jẹ́ elégbọọrọ sí. Hítà mìíràn wà tí ibi tí iná ti ń jó ní ògiri tirẹ̀, tó ní ọ̀pá èéfín tó ń gbé èéfín àti oru omi lọ síta, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ mímọ́ nìkan ló ń fẹ́ sínú ilé. Ó wọ́n jù, ó sì ń pàdánù ooru díẹ̀ gba ọ̀pá náà, ṣùgbọ́n ẹrù tó wà nínú páálí kò ní rọ̀. Bí èmi ni ọ̀gá yín, òun ni màá rà.

Bí ẹ kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé sílíńdà kúrò ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Òfin iṣẹ́ ìkọ́lé ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, béèrè pé kí ẹsẹ̀ bàtà 6, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2, wà láàárín sílíńdà àti hítà, àyàfi hítà tí a ṣe ní pàtó láti máa so mọ́ sílíńdà; kò sì gbà kí ẹnu hítà olófẹ́ẹ̀fẹ́ dojú kọ sílíńdà tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 20. Ohun tó dára jù ni kí sílíńdà wà níta, ní òró, kí a fi ṣéènì dè é mọ́ ohun tó dúró ṣinṣin, kí ó sì jìnnà sí ihò ilẹ̀, kòtò omi àti ibi tó bá rẹlẹ̀, nítorí pé propane wúwo tó ìlọ́po kan ààbọ̀ afẹ́fẹ́, tó bá jò, ńṣe ni yóò ṣàn lọ bí omi tí a kò rí. Bí ìpín propane inú afẹ́fẹ́ bá ti tó 2.1 nínú 100, iná kékeré lè gbà á. Ẹ má fi rọ́bà méjì so pọ̀ nítorí pé ọ̀kan kúrú; ẹ ra ọ̀kan tó gùn tó, tí a ṣe fún gáàsì, kí ọkọ̀ akẹ́rù má sì máa gun orí rẹ̀.

Bí ẹ bá ti so ó tán, ẹ fi omi ọṣẹ kan gbogbo ojú ìsopọ̀ nígbà tí gáàsì wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí iná kò tíì jó. Níbi tí ìfófòó bá ti ń wú, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ìṣáná wá ibi tó ń jò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́.

Ẹ wo ẹrù tó yí i ká pẹ̀lú. Kì í ṣe pé páálí lè gbiná nìkan ni mò ń sọ o. Bí ẹ bá ní omi tí a fi ń fọ gíríìsì, tó ní chlorine nínú, oru rẹ̀ tó bá gba ojú iná kọjá lè di ásíìdì, ó sì lè di phosgene tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Alábòójútó-Ẹrù tún kọ̀wé pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. A ti pa á, àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì sì ti wà lọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí mo wá ń wo ẹ̀rọ náà dáadáa, mo rí i pé ẹnìkan fi téèpù di bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní bí wọ́n bá ti yọwọ́ ni iná ń kú. Wọ́n tún ní lẹ́yìn wákàtí kan sí méjì, yìnyín máa ń bo ìdí sílíńdà, iná á sì máa rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n a wá gbé sílíńdà náà dùbúlẹ̀ kí ó lè tún lágbára. Ṣé ìyẹn náà léwu?

Oníṣẹ́-Gáàsì dáhùn pé:

Ọlọ́run ló yọ yín. Èmi yóò mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pá tín-ín-rín kan wà létí iná tí a ń pè ní thermocouple. Bí iná bá ń mú un gbóná, ó ń mú iná mànàmáná kékeré jáde, ìyẹn ló sì ń di ojú gáàsì mú kí ó wà ní ṣíṣí. Bí iná bá kú, ọ̀pá náà á tutù, ojú gáàsì á sì tì fúnra rẹ̀. Téèpù tí wọ́n fi dì í ti mú ìdáàbòbò yìí kúrò, tó fi jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá pa iná náà, gáàsì yóò máa tú jáde lọ síbi tó bá wù ú. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́yìn tí iná ti ràn, tó sì tún kú nígbà tí ẹ yọwọ́, ó ṣeé ṣe kí thermocouple ti bàjẹ́, kí ó dọ̀tí tàbí kí ó má kan iná dáadáa. Kí oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Yìnyín ara sílíńdà kì í ṣe pé gáàsì ti tán. Propane inú rẹ̀ jẹ́ olómi, ó sì nílò ooru kó tó lè di gáàsì. Ara irin sílíńdà ló ti ń gba ooru náà. Bí hítà bá ń fa gáàsì yára ju bí sílíńdà ti lè rí ooru gbà láti ìta, yóò tutù, agbára gáàsì á sì lọ sílẹ̀. Sílíńdà yín kéré fún hítà náà. Ẹ lo èyí tó tóbi jù, tàbí kí oníṣẹ́ so méjì pọ̀ pẹ̀lú ohun ìsopọ̀ tí a ṣe fún un. Ẹ má ṣe fi iná yá a, ẹ má sì gbé e dùbúlẹ̀ láéláé: lítà propane olómi kan ń di bíi lítà 270 nígbà tó bá di gáàsì, bí olómi náà bá sì gba rẹ́gúlétọ̀, ohun tó ń dín agbára gáàsì kù, dé ojú iná, iná tó máa yọ lẹ́nu hítà yóò ju gígùn ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tàn án lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ gbóòórùn nísàlẹ̀. Bí kò bá ràn, ẹ ti gáàsì, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán kí ẹ tó tún gbìyànjú. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, orí sílíńdà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ tì í, kí gáàsì tó kù nínú rọ́bà jó tán, kí fáànù sì máa fẹ́ títí tí ara ẹ̀rọ yóò fi tutù.

Ní ti ìtọ́jú, eruku àti aláǹtakùn ló máa ń fa wàhálà jù. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí aláǹtakùn: òwú rẹ̀ nínú ibi tí afẹ́fẹ́ àti gáàsì ti ń pò tó láti sọ iná búlúù di pupa rúsúrúsú, kí èéfín dúdú sì tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ ni kí a fi fẹ́ ibẹ̀ mọ́. A kì í ki wáyà bọ ihò tín-ín-rín tí gáàsì ń gbà jáde, torí bí ó bá fẹ̀ sí i díẹ̀, ìwọ̀n gáàsì ti yí padà nìyẹn. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ so ẹ̀rọ propane mọ́ gáàsì ilẹ̀ tí a ń gba páìpù lò, ihò wọn kò dọ́gba. Kí ẹ máa tẹ rọ́bà síbí sọ́hùn-ún lójoojúmọ́ láti wò ó bóyá ó ti sán, kí oníṣẹ́ sì máa tú ẹ̀rọ náà yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Alábòójútó-Ẹrù tún kọ̀wé pé:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá wa. Wọ́n ti gbà pé kí a dá hítà yìí padà, kí a sì ra èyí tó ní ọ̀pá èéfín. Títí tí yóò fi dé, aṣọ òtútù ni a ó máa wọ̀. Mo ti fa téèpù yẹn já fúnra mi.