Àbọ̀ lórí kọ̀ǹpútà yàrá ìdánrawò: ó ti yanjú

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wa ní Iléṣà, ẹ kú ojú lọ́nà. Ìbéèrè tí a gbé síta ni pé kí ló dé tí àwọn kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ta wá lọ́rẹ kì í ṣí ojúewé ìntánẹ́ẹ̀tì kankan bí iná bá lọ tó dé, tí nẹ́tíwọ̀kì sì dára.

Bátìrì orí mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) ló kú: CR2032, fólítì 3, pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀. Òun ló ń gbé aago ẹ̀rọ ró nígbà tí kò bá síná. Bó bá kú, ọjọ́ á padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé-ẹ̀rí ààbò ojúewé á wá dà bí ohun tí àsìkò rẹ̀ kò tíì tó, browser á sì kọ̀ ọ́.

Ẹ yọ wáyà lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù lè tán, ẹ pààrọ̀ bátìrì, kí ojú + wà lókè. Ẹ wọ BIOS (ojú ètò ẹ̀rọ tó máa ń ṣí kí Windows tó dìde), ẹ tún ọjọ́ ṣe. Ẹ má gbàgbé ètò SATA (ọ̀nà tí dísìkì fi so mọ́ ẹ̀rọ) níbẹ̀ o! Tó bá ti kúrò ní ipò AHCI tó wà tẹ́lẹ̀, Windows lè má dìde, wọ́n á ní dísìkì ló bàjẹ́.

Lórí Linux (ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn bíi Windows), àṣẹ yìí ló ń mú kí aago máa tún ara rẹ̀ ṣe láti orí nẹ́tíwọ̀kì: `sudo timedatectl set-ntp true`.

Kọ̀ǹpútà tí Windows àti Linux jọ wà nínú rẹ̀ ṣì ń fi wákàtí 1 yàtọ̀, nítorí Linux ka aago ẹ̀rọ sí UTC (aago àgbáyé), Windows kà á sí aago Nàìjíríà. `RealTimeIsUniversal` nínú registry Windows (ibi tí Windows ń kó ètò rẹ̀ sí), iye rẹ̀ 1, ló parí ìyẹn.

Ó tán. Ẹ má fi bátìrì ránṣẹ́ mọ́, ó ti tó.