Éèdì ni, kì í ṣe èèdì: lórí "ìfọ́jú-èèdì"

Ẹ̀yin ará, ọ̀kun o.

Mo ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa ará Kàbbà kọ, pé kí á máa pe àìsàn tí kòkòrò àìlèfojúrí tó ń jẹ́ CMV (cytomegalovirus) ń dá sílẹ̀ lójú àgbàlagbà tó ní HIV ní "ìfọ́jú-èèdì". Wọ́n ní àwọn fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ èèdì torí pé ohùn òkè kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá tí fáwẹ̀lì ṣíwájú rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò mú ọ̀rọ̀ àyálò. Ta ló ń pe íńkì ní ìǹkì? Ta ló ń pe ófíìsì ní òfíìsì? Àyálò ni éèdì, láti ara AIDS ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èèdì ti wà nílé kó tó dé, òun sì ni ohun tí ọ̀tá fi ń di èèyàn!

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ ohun tí àmì kan yẹn lè dá sílẹ̀. Àrùn yìí kì í sábà dunni, ojú kì í pọ́n bíi ti àpólò. Aláìsàn á kàn ní nǹkan dúdú bíńtín ń fò kiri níwájú òun bíi kantíkantí, iná ń kọ mànà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, nígbà tó yá òjìji bo apá kan. Ojú tí kò pọ́n, tí kò dunni, tó wá ń ṣókùnkùn! Ẹ sọ fún olúwarẹ̀ pé èèdì ni, ilé adáhunṣe ló ń lọ tààrà. Gbogbo ọjọ́ tó bá lò níbẹ̀, awọ inú ẹyinjú ń kú lọ ni, èyí tó bá sì ti kú kì í jí mọ́.

"Ìfọ́jú" gan-an ńkọ́? Ì, fọ́, ojú. Ẹ ti dájọ́ kí dókítà tó kán oògùn tó ń la ọmọlójú sí i. Bẹ́ẹ̀ ganciclovir tó ń gbógun ti CMV wà, ARV tó ń ká HIV lọ́wọ́ kò wà. Àwọn tí CD4 wọn (iye sójà ara tí HIV ń pa, nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ bíńtín kan) ti já sí ìsàlẹ̀ 50 ni àrùn yìí sábà ń mú, ó sì ti dín kù gidigidi láti nǹkan bí ọdún 1996 tí wọ́n ti ń lo oògùn ARV ní àpapọ̀. Ìyá mi àgbà ní Ìyàrá kì í pe ẹni tó ṣì ń ríran díẹ̀ ní afọ́jú. "Ojú ń ṣe é" ni wọ́n ń wí. Wọn ò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹlòmíràn tún ní ká fi orúkọ kan náà pe egbò roro tó ń bo ìdajì iwájú orí dé ìpéǹpéjú, àti jẹjẹrẹ ara funfun ojú. Rárá o. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń fà wọ́n, ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú wọn.

Ẹni tó sì kọ ọ́ pé ará Ọ̀kun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ àmì ohùn torí ẹ̀ka èdè wa kì í ṣe ti Ọ̀yọ́, ohùn mẹ́ta là ń fọ̀ ní Yàgbà, ní Bùnú, ní Ìjùmú. Ó jẹ wá ní àforíjì.

"Àrùn CMV inú ẹyinjú" ni èmi fara mọ́. Ní ti "kòkòrò apa-sójà-ara", orúkọ tí wọ́n fi ń pe HIV, tí àwọn kan ń bínú sí nítorí sójà, ẹ fi í sílẹ̀. Àgbẹ̀ tó wà ní Ìsánlú gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi "ọmọ-ogun" rọ́pò rẹ̀, kó sọ ohun tí sójà ṣe.