Èsì: “A-” inú “ìwé amóhùnmáwòrán” kò bá ìwé mu

Ẹ̀yin ará,

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ṣàgámù ní ká máa pe ìwé orí ẹ̀rọ tó ní ohùn àti fídíò nínú ní “ìwé amóhùnmáwòrán”. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ o, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

“A-” yẹn ló ń bí mi nínú. Olùṣe ni “a-”. Tẹlifíṣọ̀n ń mú ohùn, ó ń mú àwòrán, orúkọ yẹn yẹ ẹ́. Ìwé wo ló ń mú nǹkan kan? Lóòótọ́, láti 2011 tí EPUB 3, ìlànà kan tí wọ́n fi ń ṣe ìwé orí ẹ̀rọ, ti dé ni ohùn àti fídíò ti lè wà nínú ìwé, kódà gbólóhùn lè máa tàn bí ohùn ṣe ń kà á lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀rọ ni gbígbọ́ wà.

Ọmọ mi fi ìwé kan nípa Ojúde Ọba ránṣẹ́ sí mi. Lórí fóònù, ẹṣin ń jó, ìlù ń dún. Mo ṣí i lórí ẹ̀rọ ìkàwé mi tí ojú rẹ̀ jẹ́ ti íńkì: àwòrán kan ṣoṣo, aláwọ̀ eérú, ó dúró gbagidi. Ìwé ò bàjẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ò ní sípíkà, ẹ̀ẹ́rún dúdú àti funfun tó ń rìn lábẹ́ ojú rẹ̀ sì lọ́ra, wọn ò lè bá fídíò sáré.

“Oní-” ló tọ́. Ìwé olóhùn, ìwé onífídíò. Bàbá mi, tíṣà ni wọ́n ní Ìpẹru, ẹni tó bá ṣi méjèèjì lò, wọ́n á ní kó kọ ọ́ nígbà ogún: “Apẹja kì í ṣe ẹlẹ́ja.” Mo kọ ọ́ rí. Ẹni tó ń mú, ẹni tó ní, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n!

Ti “ìwé asọ̀rọ̀mágbèsì” tí ẹnìkan dá lábàá, rédíò ni àwọn àgbà fún lórúkọ yẹn. Àwọn ìwé ọmọdé kan ń bi ọmọ ní ìbéèrè, wọ́n sì ń gba èsì, “mágbèsì” ò bá wọn mu.

Ẹni tó sì ní Ìjẹ̀bú tó ń pe ilé ní “ulé” kò lè kọ́ òun ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ wa ò tíì tán. Àwọn ìyá wa sọ “ulé” títí wọ́n fi re ọ̀run, Yorùbá gidi ni.

Ẹ̀gbọ́n, èmi ń retí èsì yín: lórí ẹ̀rọ tí kò lóhùn, kí ni ìwé yín ń mú?