Adjoint ń jẹ RAM tán: èwo ni ká tọ́jú, èwo ni ká tún ṣírò?

@olóǹkà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Gíríìdì 256×256×256, iye márùn-ún lójú kọ̀ọ̀kan, double precision, ìgbésẹ̀ àkókò 1,000. Forward (ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin) ń lọ geere. Bí adjoint (ìṣirò tó ń padà láti òpin láti wá gradient, ìyẹn bí èsì ṣe ń yí bí input bá yí díẹ̀) bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, RAM tán. Kí ni ṣíṣe, láìdín gíríìdì kù?

@ìyá_kóòdù: Àbúrò, ṣírò rẹ̀ ná. State kan (gbogbo iye orí gíríìdì ní ìgbésẹ̀ kan) jẹ́ 16,777,216 × 5 × 8 báìtì, ìyẹn 0.67 GB. Ẹgbẹ̀rún rẹ̀ jẹ́ 671 GB! Láti ìparí ni adjoint ti ń rìn padà, ó sì ń bèèrè state ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bọ̀. Ìyẹn ni kóòdù rẹ ṣe ń kó gbogbo rẹ̀ jọ.

Ọ̀nà tó rọrùn jù: tọ́jú state kan nínú ìgbésẹ̀ 32-32; èyí tó o tọ́jú ni checkpoint. Tó o bá ń padà, gbé checkpoint tó kẹ́yìn, tún ìgbésẹ̀ 32 yẹn ṣe, kó wọn sí RAM, ṣe adjoint wọn, dà wọ́n nù, kó o wá bọ́ sórí èyí tó ṣáájú. State bíi 64 ló máa wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi 43 GB. Ohun tó máa ná ọ ni forward ẹ̀ẹ̀kan sí i.

@ẹlẹ́rọ: Bí 43 GB bá ṣì wúwo, Revolve ni, algọ́rídímù tó ń yan ibi tí checkpoint máa wà, èyí tí Griewank àti Walther gbé jáde ní 2000. Tó o bá ní checkpoint s, tó o sì gbà kó máa tún ìgbésẹ̀ kan ṣe tó ìgbà r, iye ìgbésẹ̀ tó lè gbé ni (s+r)!/(s!·r!). Fi s=10 àti r=4 sí i: 1,001. Checkpoint 10 péré, 6.7 GB, ti kárí tìrẹ. Tó o bá ráyè fún 17 (11.4 GB), r á wálẹ̀ sí 3. Àmọ́ tape (àkọsílẹ̀ ìṣirò inú ìgbésẹ̀, tí adjoint ń kà padà) ti ìgbésẹ̀ tó wà lọ́wọ́ kò sí nínú ìṣirò yìí o, fi àyè sílẹ̀ fún un.

@ìyá_kóòdù: Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni pé checkpoint kì í pé. BDF2, ọ̀nà ìṣirò tó ń wo ìgbésẹ̀ méjì sẹ́yìn, ń fẹ́ state méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Bí nọ́ńbà random bá wà nínú model, tọ́jú seed rẹ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀), kí àwọn kan náà lè tún jáde. Bí dt (gígùn ìgbésẹ̀ àkókò) bá ń yí padà fúnra rẹ̀, kọ gbogbo dt sílẹ̀ (8 KB péré ni fún 1,000), kó o sì lo èyí tó o kọ gan-an nígbà tó o bá ń tún ìgbésẹ̀ ṣírò. Má jẹ́ kó tún dt yàn.

@olóǹkà: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Implicit ni mò ń lò: ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi Newton yanjú equation, tó ń sún mọ́ ojútùú díẹ̀díẹ̀. Ṣé kí n fi Newton sórí tape ni?

@ẹlẹ́rọ: Rárá o! Ojútùú tí Newton dé ni kó o tọ́jú. Yí Jacobian ibẹ̀ (matrix àwọn derivative) padà sí transpose (kí row di column), kó o solve linear ẹ̀ẹ̀kan fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí Newton ti parí dáadáa: tolerance (àṣìṣe tó o gbà fún Newton) tó bá dẹ̀ á ba gradient jẹ́.

Dán an wò pẹ̀lú ìgbésẹ̀ 20 àti checkpoint 3, kó o fi wé gradient tó o rí nígbà tó o tọ́jú gbogbo state. Bí wọn ò bá dọ́gba, nǹkan kan ò sí nínú checkpoint. Lẹ́yìn náà, Taylor test: yí input padà ní ìwọ̀n h, kó o yọ ìyípadà tí gradient sọ tẹ́lẹ̀ kúrò nínú èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an; ohun tó kù ni àṣẹ́kù. Bí h bá dín sí ìdajì, àṣẹ́kù gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ní ìlọ́po 4. Bó bá jẹ́ 2 ló ń bá wálẹ̀, gradient fúnra rẹ̀ ni kò tọ̀nà.

@ìyá_kóòdù: Bó bá jẹ́ PETSc (àkójọ kóòdù fún ìṣirò ńlá) lo ń lò, má kọ Revolve fúnra rẹ. `-ts_trajectory_type memory -ts_trajectory_max_cps_ram 10` ti tó, bí wọ́n bá ti kọ́ PETSc rẹ pọ̀ mọ́ Revolve. Nínú JAX (àkójọ kóòdù Python tó ń ṣírò gradient fúnra rẹ̀), fi `jax.checkpoint` bo function tó ń fi `lax.scan` ṣe ìgbésẹ̀ 32 lápapọ̀, kó o tó gbé e fún `lax.scan` ti òde; bó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo lo bò, gbogbo state ló ṣì máa kó jọ.